Òṣùwọ̀n Ìtọ́kasí àti Ipò Àwọn Onímọ̀ Físíìsì: Àlàyé láti inú Ọjà Èbúté Èrò

Àṣamọ̀

Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa kí àwọn yunifásítì máa kéde orúkọ àwọn olùṣèwádìí wọn tí a ní wọ́n wà lókè téńté ní àgbáyé. Iye ìtọ́kasí ni a sábà máa ń fi gbé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé òṣùwọ̀n h, èyí tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005 láti fi díwọ̀n iṣẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì, ó sì fi òwò ọjà Èbúté Èrò ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà ń tẹnu mọ́ ni pé òṣùwọ̀n yìí máa ń sọ nípa ìwé tí a fi ka ìtọ́kasí àti iye ènìyàn tí ó jọ ṣe iṣẹ́, bí ó ti ń sọ nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di òfin ìgbéga, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí a ṣe ní èdè Yorùbá yóò di ohun tí a kò kà rárá.

Ìfáàrà

Èbúté Èrò wà ní etí ọ̀sà, nítòsí ibi tí afárá Carter ti sọ̀ kalẹ̀ sí Erékùṣù Èkó. Orúkọ rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀: èbúté tí àwọn èrò ti ń gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn ni, kí a tó ṣe afárá náà ní 1901 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìdúmọ̀tà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ààfin ọba Èkó kò sì jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ oníṣòwò tí ó lórúkọ ní ọjà yìí kò ní bèèrè iye owó tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Yóò bèèrè bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ ń padà wá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ là sí òwò, yóò tún bèèrè ohun tí wọ́n ń padà wá rà àti ìdí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní oníbàárà tiwọn. Ẹni tí ó bá kọ àpilẹ̀kọ jáde ń retí pé kí àwọn ẹlòmíràn lò ó, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lò ó. Ìdárúkọ yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní ìtọ́kasí. Ìwé tàbí ètò kọ̀ǹpútà tí a ń kó àwọn ìtọ́kasí jọ sí ni àká ìtọ́kasí. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá a lè fi iye ìtọ́kasí to àwọn onímọ̀ jọ ní ipò kìíní, ipò kejì, títí lọ, bí ìgbà tí a bá ń to àwọn tí ó sáré ìje. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kan olùkọ́ tí ó ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń rò ó bóyá kí òun fi Yorùbá kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ òun.

Ibi tí òǹkà náà ti ṣẹ̀

Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ni ó dábàá àká ìtọ́kasí fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì nínú jọ́nà Science ní 1955. Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ni ó ti rí àwòkọ́ṣe, nítorí pé wọ́n ti ní ìwé tí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ìdájọ́ àtijọ́ tí àwọn adájọ́ ìgbẹ̀yìn ṣì ń tẹ̀lé àti èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ Garfield ní Philadelphia gbé Science Citation Index jáde. Ó yẹ kí a kíyè sí ète rẹ̀ dáadáa. Ète náà ni kí ẹni tí ó ka àpilẹ̀kọ kan lè wá àwọn tí ó lò ó lẹ́yìn náà rí, kí ó má baà tún iṣẹ́ tí a ti ṣe tán ṣe. Ohun èlò ìwákiri ni. Àwọn ẹlòmíràn ni ó wá rí i pé bí a bá ti lè wá ìtọ́kasí, a lè kà á. Bí a bá sì ti lè kà á, a lè fi ẹni kan wé ẹni kejì.

Títí di òpin ọ̀rúndún ogún, ẹni tí ilé ìkàwé rẹ̀ kò lówó kò lè rí òǹkà yìí wò. Ọdún 2004 ni nǹkan yí padà. Ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Elsevier gbé Scopus jáde, tí Google náà sì gbé Google Scholar jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó jókòó sí ilé ìtajà íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà lè ka ìtọ́kasí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà ní Princeton.

Òṣùwọ̀n h

Ṣáájú 2005, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan ń ka iye àpilẹ̀kọ tí ènìyàn kọ. Àwọn kan ń ro gbogbo ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀. Àbùkù wà nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ igba àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà yóò borí nínú òǹkà àkọ́kọ́. Nínú èkejì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sínú iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo lè jókòó sórí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ láéláé.

Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì tí a bí ní Ajẹntínà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní San Diego, wá ọ̀nà àárín. Ó gbé e jáde nínú jọ́nà ẹgbẹ́ akadá sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 2005. Ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó to àwọn àpilẹ̀kọ ẹnì kan láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù dé orí èyí tí tirẹ̀ kéré jù. A ó wá máa kà wọ́n láti òkè: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ibi ìkẹyìn tí iye ìtọ́kasí kò tíì kéré sí nọ́ńbà tí a kà dé ni h. Ẹni tí h rẹ̀ jẹ́ 10 ní àpilẹ̀kọ 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtọ́kasí 10, ó kéré tán.

Ọjà yóò jẹ́ kí èyí yé ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹrù kọ̀ọ̀kan tí oníṣòwò ń tà ṣe àpilẹ̀kọ, kí a sì fi oníbàárà tí ó ń padà wá nítorí ẹrù náà ṣe ìtọ́kasí. Ká ní Ìyá Elédé ní Èbúté Èrò ń ta ẹrù méje. Oníbàárà 60 ni ó ń wá ra edé lọ́dọ̀ rẹ̀, 25 ń wá ra ata gbígbẹ, 9 àlùbọ́sà, 6 ẹ̀wà, 5 èlùbọ́, 3 ọ̀gìrì, 1 irú. Bí a bá kà á láti òkè, ẹrù karùn-ún ní oníbàárà 5, ṣùgbọ́n ẹrù kẹfà ní 3 péré. Nítorí náà, h rẹ̀ jẹ́ 5. Ìyá Elépo tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń ta ẹrù mẹ́jọ, iye oníbàárà wọn sì jẹ́ 8, 7, 7, 6, 6, 6, 2 àti 1. Ẹrù kẹfà ní oníbàárà 6. Ẹrù keje ní 2. h tirẹ̀ jẹ́ 6.

Bí a bá ro gbogbo oníbàárà pọ̀, Ìyá Elédé ní 109, Ìyá Elépo sì ní 43. Síbẹ̀, Ìyá Elépo ni òṣùwọ̀n h fi sí iwájú. Ohun tí Hirsch fẹ́ gan-an nìyí: kí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó dọ́gba lóòrèkóòrè má baà sọnù lẹ́yìn ẹni tí ẹrù kan ṣoṣo là fún. Ẹ jẹ́ kí a wá fi ẹnì kẹta kún wọn. Ìyá Oníyọ̀ kò ta ohun mìíràn ju iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà 900 ni ó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó sì ń fi se ọbẹ̀. h rẹ̀ jẹ́ 1. Kò sí bí ó ṣe lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iye ẹrù ni òrùlé h. Oníbàárà ìbáà tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Àwọn tí ó wà lórí àtẹ Hirsch

Hirsch kò fi ìlànà lásán sílẹ̀. Ó dárúkọ ènìyàn. Ní orí àtẹ tí ó ṣe ní 2005, Edward Witten ni ó ṣáájú pẹ̀lú 110, Alan Heeger tẹ̀lé e pẹ̀lú 107. Philip Anderson ní 91, Steven Weinberg ní 88. Stephen Hawking àti Mildred Dresselhaus ní 62 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó lè mọ orúkọ rẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, Hawking, ni ó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ náà. Witten tí ó wà lókè kò gba ẹ̀bùn Nobel. Àmì-ẹ̀yẹ Fields ti ìmọ̀ ìṣirò ni ó gbà ní 1990. Anderson àti Weinberg gba Nobel ní 1977 àti 1979. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì, kì í ṣe ti físíìsì, ni Heeger gbà ní 2000.

Hirsch tún dábàá pé ní àwọn yunifásítì ìwádìí ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, h tí ó tó 12 lè bá ìgbéga sí ipò igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n mu, kí 18 sì bá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n mu. Gbólóhùn kékeré yìí ni ó tan kálẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ó kọ. Àwọn ìkìlọ̀ tí ó so mọ́ ọn kò rìn jìnnà. Ó sọ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè gbé àwòrán ènìyàn jáde tán, ó sì fi hàn pé ẹ̀ka ìmọ̀ kan kò ṣe é fi wé òmíràn: nínú ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, Solomon Snyder ní 191 ní àkókò kan náà. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, a ó rò pé Snyder fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Witten ní ìlọ́po méjì, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. h kì í dín kù. Ẹni tí ó ti kú pàápàá, h rẹ̀ lè máa ga sí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdí nìyí tí Hirsch fi ní kí a pín h sí iye ọdún tí ènìyàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìgbéga mélòó ni ó ń ṣe ìpín náà?

Ìyá Oníyọ̀ inú ọjà wa sì ní ẹlẹgbẹ́ nínú físíìsì. Peter Higgs kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú méjì ní 1964 nípa ohun tí ó ń fún àwọn èérún ìpìlẹ̀ ayé ní ìwúwo. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013 pẹ̀lú François Englert, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ńlá CERN ti rí èérún tí ó sọ tẹ́lẹ̀ ní 2012. Àpilẹ̀kọ tí ó kọ lẹ́yìn 1964 kò tó mẹ́wàá. Ní oṣù kejìlá 2013, ó sọ fún ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé kò dá òun lójú pé yunifásítì kankan yóò gba òun síṣẹ́ lóde òní, nítorí wọn kò ní ka òun sí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tó.

Àgbájọ ọwọ́ àti ìpín oníkálukú

Yorùbá gbà pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, físíìsì òde òní sì gbà bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ka ìmọ̀ èyíkéyìí lọ. Ní oṣù karùn-ún 2015, ẹgbẹ́ ATLAS àti CMS ti CERN jùmọ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Physical Review Letters nípa ìwúwo èérún Higgs. Àwọn tí ó kọ ọ́ jẹ́ 5,154. Ojú-ìwé 33 ni ó gbà. Mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. 24 yòókù jẹ́ orúkọ ènìyàn àti ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ènìyàn púpọ̀ pawọ́ pọ̀. Ẹ̀rọ tí ó gùn tó kìlómítà 27 kò ṣe é fi ọwọ́ kan gbé. Ibi tí ìṣòro wà ni ọ̀nà ìkà. Ká ní obìnrin ọgbọ̀n ní Èbúté Èrò dá owó jọ láti ra ìrẹsì ọkọ̀ akẹ́rù kan. Bí ọjà bá tà, wọ́n á pín èrè sí ọ̀nà ọgbọ̀n. Òṣùwọ̀n h kì í pín. Gbogbo oníbàárà ìrẹsì náà ni yóò kọ sí orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun nìkan ni ó kó ìrẹsì wá. Báyìí ni ọ̀dọ́mọdé kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá ṣe lè ní h tí ó ju 100 lọ, nígbà tí ẹni tí ó jókòó ní yàrá rẹ̀ tí ó ń fi bébà àti lẹ́ẹ̀dì wá ìdáhùn lè má ní ju 15 lọ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Vladlen Koltun àti David Hafner yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Wọ́n wò ó bóyá àwọn tí h wọn ga ni àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń fún ní ẹ̀bùn ẹ̀yẹ. Wọ́n rí i pé ìbátan tí ó wà láàrin méjèèjì nígbà kan ti ń rẹ̀ sílẹ̀, àti pé nínú físíìsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìkọ̀wé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n kà sí olórí ìdí. Àtúnṣe tí wọ́n dábàá ni kí a pín ìtọ́kasí láàrin àwọn tí ó kọ àpilẹ̀kọ, èyí tí àwọn obìnrin ọkọ̀ ìrẹsì ìbá ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Hirsch alára kọ̀wé ní 2020 pé òṣùwọ̀n tí òun dá sílẹ̀ ti mú àwọn àbùkù ńlá wá tí òun kò rò tẹ́lẹ̀.

Oníbàárà àfiránṣẹ́

Òǹkà tí ó bá ti ń fúnni ní ipò kì í pẹ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra òǹkà. Oníṣòwò lè rán àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lọ tò síwájú àtẹ rẹ̀. Olùkọ̀wé lè máa tọ́ka sí ara rẹ̀. Oníṣòwò méjì lè dìmọ̀ pọ̀ kí ọ̀kan máa rán ènìyàn sí èkejì. Àwọn olùkọ̀wé náà ń ṣe é. Kò tán síbẹ̀: oníbàárà tí ó padà wá láti dá epo àdàlù padà, tí ó ń pariwo, oníbàárà ni òun náà nínú òǹkà yìí. Ìtọ́kasí tí ó sọ pé "lágbájá ṣì í" kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń yìn ín.

Cyril Labbé, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, fi bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó hàn ní 2010. Ó dá ènìyàn kan tí kò sí láyé sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ike Antkare, ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà hun nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ aláìnítumọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí ara wọn, ó sì gbé wọn síbi tí Google Scholar yóò ti rí wọn. Láìpẹ́, h Antkare di 94. Òṣùwọ̀n náà gbé e ga ju Albert Einstein lọ.

Ní ilẹ̀ wa, ojú mìíràn ni ìṣòro yìí gbé wá. Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí apá kan àpilẹ̀kọ olùkọ́ ti òkè òkun wá, àwọn kan dá jọ́nà sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba owó kí wọ́n sì tẹ ìwé jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí tí Jingfeng Xia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015 rí i pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn oníwèé inú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ti ń wá jù, pàápàá àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀bi olùkọ́ nìkan kọ́. Ẹni tí a ní kí ó kó nọ́ńbà wá yóò kó nọ́ńbà wá.

Ọjà tí akọ̀wé kì í dé

Gbogbo èyí tí a ti sọ dá lé orí ohun tí àká ìtọ́kasí rí. Èyí tí kò rí ni ó yẹ kí ó ká olùkọ́ lára jù. Ká ní ìjọba rán akọ̀wé kan kí ó ka oníbàárà gbogbo ọjà Èkó, tí ó sì jẹ́ pé ilé ìtajà ńláńlá tí ó ń fún ènìyàn ní rìsíìtì lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń wọ̀. Yóò padà wá pẹ̀lú ìwé tí ó mọ́ tónítóní, Èbúté Èrò kò sì ní sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ka ìwé náà ní Àbújá lè rò pé ẹnikẹ́ni kì í ná ọjà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti inú físíìsì ilẹ̀ wa yóò fi èyí hàn. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Ní ọ̀sán, iná mànàmáná kan máa ń ṣàn ní òkè ìlà náà bí odò tóóró, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ilẹ̀, ó sì máa ń mi òòfà ayé ní ìsàlẹ̀. Huancayo ní orílẹ̀-èdè Peru ni a ti kọ́kọ́ fura sí i. Sydney Chapman ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1951. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì kọ ìwé ńlá kan lé e lórí ní 1997. Àwọn tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àgbáyé kò pọ̀, nítorí pé ìlà náà kò gba ilẹ̀ àwọn tí ó ni jọ́nà púpọ̀ kọjá. Ibi tí oníbàárà kò bá pọ̀, h kò lè ga. Bí a bá wá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn Onwumechili àti ẹni tí ó ń ṣe ìmọ̀ okùn tíńtín ti Witten, iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹ̀ka wọn ni a wọ̀n.

Bí ó bá rí báyìí fún físíìsì tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí ni ká sọ nípa èyí tí a fi Yorùbá kọ? Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliyu Bàbátúndé Fáfúnwá, tí a bí ní 1923, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò gbẹ́yìn; Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní àárín ọ̀nà, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ètò náà tó lè dúró, àwọn ènìyàn ní láti jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní èdè tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwọ̀n ohun àti bí ó ṣe wúwo tó ní Yorùbá mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Nínú òǹkà ìtọ́kasí, òfo ni àwọn ìwé náà. Scopus kì í ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn lórí èdè-ìperí Yorùbá, tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò lè ṣe aláìnílò, kò sí lára ohun tí a fi ń gbé h onímọ̀ físíìsì kankan ga. Ilé-ẹ̀kọ́ sì ń lo irú iṣẹ́ wọ̀nyí lójoojúmọ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé e. Ẹni tí yóò bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, yálà ní òsì tàbí ní ọ̀tún, nílò ìwádìí tí a ṣe nínú kíláàsì Yorùbá. Olùkọ́ tí ó lè ṣe ìwádìí náà ni a ń sọ fún pé kí ó lọ wá ìtọ́kasí níbòmíràn.

Bí a ṣe lè lo òǹkà náà

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí a da òǹkà ìtọ́kasí nù. Bí a bá fi onímọ̀ kan wé òmíràn tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, tí ọdún iṣẹ́ wọn sún mọ́ra, tí wọn kì í kọ̀wé nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún, tí àká kan náà sì ka iṣẹ́ àwọn méjèèjì, h lè sọ ohun gidi fún wa. Ó tún lè gba olùkọ́ tí kò ní alágbàwí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó ní kò ṣe nǹkan kan. Àǹfààní yìí kò kéré ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ojú àánú àti ojú ìbínú ti ń ṣe ìgbéga.

John Ioannidis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti tún un ṣe ní 2019. Àtẹ tí wọ́n gbé jáde, èyí tí àwọn ìwé ìròyìn wa ń pè ní ti Stanford, kó òṣùwọ̀n mẹ́fà pọ̀, ó ń wo ipò tí orúkọ ènìyàn wà láàrin àwọn tí ó kọ àpilẹ̀kọ, ó sì ń ṣe òǹkà kan tí ó yọ ìtọ́kasí sí ara ẹni kúrò. Ó sàn ju h nìkan lọ. Ṣùgbọ́n inú Scopus ni ó ti ń bu omi, nítorí náà ohun tí Scopus kò rí, òun náà kò rí i.

Ìkéde San Francisco ti 2012 ní kí a má ṣe fi òǹkà jọ́nà rọ́pò kíka iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkéde Leiden tí ó jáde nínú Nature ní 2015 sún mọ́ ilé wa jù. Ó ní ìlànà mẹ́wàá, ìkẹta nínú wọn sì ni kí a dáàbò bo iṣẹ́ dáadáa tí ó jẹ́ ti àdúgbò kan, nítorí pé àwọn àká ńlá ń fi ojú rere wo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lè tẹ̀lé ìlànà yìí láìná kọ́bọ̀. Kí wọ́n ní kí olùkọ́ mú àpilẹ̀kọ mẹ́ta wá, kí wọ́n kà á, kí wọ́n bi í ní ìpín tirẹ̀ nínú èyí tí ènìyàn púpọ̀ jọ kọ, kí wọ́n sì wá ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí ó sì mọ físíìsì láti yẹ èyí tí a fi Yorùbá kọ wò. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni ó le jù, torí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì lè pọ̀ níbi tí a kò ti ka iṣẹ́ wọn sí nǹkan kan.

Ní ti kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè fi oníṣòwò mẹ́ta tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ṣe ìdánrawò fún àwọn ọmọ girama. Kí wọ́n fún wọn ní iye oníbàárà, kí wọ́n ní kí wọ́n ṣírò h oníkálukú, kí wọ́n wá sọ pé ìsọ̀ kan ṣófo ní Èbúté Èrò, ta ni kí a fún? Kí wọ́n kọ́kọ́ fi h nìkan dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ fún wọn pé ìyá kẹta ni gbogbo àdúgbò ti ń ra iyọ̀, kí wọ́n tún ìdáhùn wọn ṣe bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.